Àlejò Inú Gáàsì Tó Tutù Jù Láyé

Láti ìgbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọdún 2025 sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ quantum, ìyẹn ìmọ̀ nípa ìwà átọ́ọ̀mù àti ohun tó kéré jù ú lọ, ọ̀rọ̀ náà ò fẹ́ kúrò lẹ́nu àwa ará Ìbàdàn mọ́. Ẹ tan rédíò lálẹ́, ẹ ya ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn tàbí Poly, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan. Kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń ní lọ́kàn: kọ̀ǹpútà tó máa já gbogbo páswọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà tó máa wá oògùn gbogbo àrùn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń ká mi lára ni pé iṣẹ́ mìíràn wà lábẹ́ orúkọ kan náà, iṣẹ́ tó ti ń so èso láti bí ọgbọ̀n ọdún, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ níbi ìjíròrò wọ̀nyẹn.

Iṣẹ́ náà rèé. Àwọn onímọ̀ físíìsì á kó átọ́ọ̀mù jọ sínú ihò irin kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á mú wọn tutù dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òtútù ò níbi tó ń lọ mọ́. Wọ́n lè fi ọ̀pọ̀ ọdún to ẹ̀rọ tó máa ṣe é. Nígbà tí gáàsì náà bá wá di ògidì, aláìlábùlà, tí kò sí ohun tó mọ́ tó o níbikíbi, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ju átọ́ọ̀mù àjèjì sí i. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó lè jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀. Wọ́n á wá káwọ́ gbera, wọ́n á máa wò ó: kí ni àlejò yìí máa ṣe? Kí ni àwọn onílé máa fi ṣe é? Ṣé wọ́n á gbà á mọ́ra ni, àbí wọ́n á sá fún un, àbí ìjà ló máa bẹ́ sílẹ̀?

Báwo ló ṣe tutù tó?

Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìdí-Osè, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, oríṣi irúgbìn ẹ̀wà tó lé ní 15,000 ló wà nípamọ́, wọ́n sì ń tọ́jú èyí tí wọ́n fẹ́ kó pẹ́ jù sínú òtútù -20°C. Òtútù gidi nìyẹn lójú ẹni tí ooru oṣù Kẹta Ìbàdàn ti bá wí rí. Nínú òfuurufú lọ́hùn-ún, níbi tó jìnnà sí gbogbo ìràwọ̀, ó tó nǹkan bí -270°C. Òpin òtútù ni -273.15°C. Kò sí ohun tó lè tutù kọjá ibẹ̀, torí pé ìsáré átọ́ọ̀mù là ń pè ní ooru. Bí a bá ti gba gbogbo ìsáré tó ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ku ohun tí a tún fẹ́ gbà. Gáàsì tí mò ń sọ yìí kò fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù dígírì kan jìnnà sí òpin yẹn.

Mo ṣàlàyé èyí fún bàbá kan tó ń tún fíríìjì ṣe ní Mọ́kọ́lá. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á.

“Ọmọ mi, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wo ló fẹ́ gbé ìyẹn?”

“Bàbá, kò sí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ńbẹ̀ o. Iná ni wọ́n fi ń mú un tutù.”

Wọ́n bojú wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè bóyá mo ti jẹun lónìí. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni. Iná lésà ni wọ́n ń lò. Wọ́n á tún àwọ̀ iná náà ṣe débi pé átọ́ọ̀mù tó bá ń sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀ nìkan ló máa gbà á sára dáadáa, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá sì gbà á, iná á tì í sẹ́yìn díẹ̀. Bí lésà bá wá dojú kọ ọ́ láti iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, òkè àti ìsàlẹ̀, ibi yòówù kí átọ́ọ̀mù náà kọjú sí, ohun tó máa tì í padà ń dúró dè é. Steven Chu, Claude Cohen-Tannoudji àti William Phillips gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1997. Iná nìkan kò sì lè parí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì tàbí ìmọ́lẹ̀ há àwọn átọ́ọ̀mù náà mọ́ ojú kan, wọ́n á ṣílẹ̀kùn díẹ̀ kí àwọn tó gbóná jù bá ibẹ̀ sá lọ, àwọn tó kù á wá fara balẹ̀ sí i.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1995 ni Eric Cornell àti Carl Wieman, ní ilé ìwádìí JILA tó wà ní Boulder, Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà yìí mú nǹkan bí 2,000 átọ́ọ̀mù rubidium tutù dé 170 nanokelvin. Nanokelvin kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù dígírì kan. Àwọn átọ́ọ̀mù tó ń sá ní nǹkan bí 300 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí wọ́n wà nínú yàrá lásán wá ń rìn ní mìlímítà mélòó kan. Níbẹ̀ ni gbogbo wọn ti fi ìwà ẹnìkọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣe bí ẹyọ ìgbì kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí Satyendra Nath Bose ará Íńdíà àti Albert Einstein ṣe ti ṣírò rẹ̀ lórí ìwé ní 1924 àti 1925. Wolfgang Ketterle náà ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú sodium ní Yunifásítì MIT, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1995 kan náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ gba Nobel ní 2001.

Oríṣi onílé méjì ló wà. Àwọn kan ń jẹ́ boson: bí iye wọn ti wù kó pọ̀ tó, wọ́n lè jọ wà ní ipò kan náà, àwọn ló sì ń di ẹyọ ìgbì kan ṣoṣo yẹn. Àwọn kejì ni fermion. Fermion méjì tó bára mu délẹ̀ kì í jọ gba ipò kan náà láéláé, nítorí náà bí wọ́n ti wù kí wọ́n tutù tó, ńṣe ni wọ́n máa to ara wọn láti ìsàlẹ̀ dókè, ọ̀kan lé ọ̀kan. Deborah Jin àti Brian DeMarco ló kọ́kọ́ mú irú gáàsì fermion bẹ́ẹ̀ tutù dé ibi tí èyí ti hàn gbangba, ní JILA kan náà, ní 1999, pẹ̀lú potassium-40. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyàtọ̀ yìí. Ẹ̀yìn ọ̀la ló máa wúlò.

Àlejò tó ń kó èrò lẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ àlejò inú nǹkan kò bẹ̀rẹ̀ lórí gáàsì. Ní 1933, Lev Landau ará Soviet Union àtijọ́ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí electron kan, hóró tíńtìntín tó ń gbé iná, bó ti ń gba àárín kírísítà kọjá, ìyẹn ohun líle tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò létòlétò. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé electron náà á máa fa àwọn átọ́ọ̀mù tó yí i ká mọ́ra, á máa gbé ìdàrúdàpọ̀ yẹn kiri bó ti ń lọ, kò sì ní lè rìn bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n sọ electron àti ohun tó ń wọ́ lẹ́yìn yẹn ní polaron. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Silicon tó mọ́ pátápátá kì í fẹ́ gbé iná. Ìgbà tí wọ́n bá fi ìwọ̀nba phosphorus tàbí boron bù là á ló tó di ohun tí wọ́n ń fi ṣe ọpọlọ fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yìí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nǹkan ti pọ̀ jù nínú ohun líle. Electron yára jù, àwọn átọ́ọ̀mù sún mọ́ra jù, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún electron pé kó fẹ́ràn kírísítà díẹ̀ sí i tàbí kó kórìíra rẹ̀. Nínú gáàsì tútù, a lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Gáàsì náà fúyẹ́ tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100,000, ohun gbogbo sì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àṣírí kan tún wà níbẹ̀, orúkọ Herman Feshbach ni wọ́n fi ń pè é: bí a bá ń yí agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó yí gáàsì náà ká, ọwọ́ tí átọ́ọ̀mù fi ń mú ara wọn á máa yí padà. Ẹ yí i sí ibì kan, wọ́n á máa fa ara wọn. Ẹ yí i díẹ̀ sí i, wọ́n á máa ti ara wọn. Ibì kan wà tí wọn ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé àwọn ń kọjá lára ara wọn. Àwọn ẹgbẹ́ Ketterle ló kọ́kọ́ rí i nínú gáàsì tútù, ní 1998. Lójú tèmi, òun ló mú kí gbogbo ìyókù ṣeé ṣe.

Ẹni tó bá ti bá Alápáńsánpá kọ́wọ̀ọ́ rìn rí lọ́jọ́ ọdún egúngún n'Ìbàdàn kò ní pẹ́ lóye polaron. Egúngún jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe fẹ́ dá rìn. Onílù wà níbẹ̀, olórin wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò yìí lè ti já sẹ́yìn kó tó dé àdúgbò kejì, ẹlòmíràn á sì ti dípò rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pààrọ̀, èrò kò tán. Ẹni tó bá fẹ́ dá egúngún náà dúró lójijì, gbogbo èrò yẹn ló fẹ́ dá dúró. Nítorí náà, ó wúwo ju ara rẹ̀ lọ. Bí àlejò tó ń fa àwọn onílé mọ́ra ṣe ń rìn nínú gáàsì tútù nìyẹn. Ẹ wá wo Olóolù. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, àwọn obìnrin á wọlé, ọ̀nà á dá fún un, àyè òfìfo á sì máa bá a lọ bó ṣe ń lọ. Òun náà kò dá rìn: ó ń gbé òfìfo kiri. Àlejò tó ń ti àwọn onílé sẹ́yìn náà jẹ́ polaron bẹ́ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni? Rédíò ni. Átọ́ọ̀mù lithium ní oríṣi ipò mélòó kan nínú ara rẹ̀, ìgbì rédíò tó bá sì bá ìwọ̀n rẹ̀ mu gẹ́lẹ́ lè sún un láti ipò kan sí òmíràn. Lábẹ́ agbára mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò nínú iṣẹ́ yìí, ìwọ̀n náà jẹ́ nǹkan bí 80 megahertz, ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí FM orí rédíò yín ti bẹ̀rẹ̀ ní 87.5, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ Splash FM ní 105.5. Bí átọ́ọ̀mù náà bá dá wà, ojú ìwọ̀n rẹ̀ gan-an ló máa dáhùn. Bí àwọn onílé bá ti rọ̀gbà yí i ká, ó di dandan kí rédíò fi agbára díẹ̀ kún un kó tó lè já a gbà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ìdáhùn náà á yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Bó bá ṣe yẹ̀ tó ló ń sọ bí wọ́n ṣe dì í mú tó.

Ní 2009, Martin Zwierlein àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT ṣe èyí pẹ̀lú lithium-6, tó jẹ́ fermion. Wọ́n mú kí átọ́ọ̀mù tó wà ní ipò kan pọ̀ gan-an, kí àwọn tó wà ní ipò kejì kéré, kí àwọn kékeré yìí jẹ́ àlejò. Ìdáhùn àwọn onílé fẹ̀ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ti àwọn àlejò yọ ṣóńṣó. Ṣóńṣó yẹn ni ẹ̀rí: ohun kan wà níbẹ̀ tó dá dúró, tó ní ìwọ̀n tirẹ̀, tó ṣeé kà sí ẹyọ kan pẹ̀lú gbogbo èrò tó wà lára rẹ̀. Lọ́dún kan náà, àwọn kan ní Paris wọn bí ó ṣe wúwo tó níbi tí wọ́n ti ń fa ara wọn jù: nǹkan bí ìlọ́po 1.17 ohun tó wúwo tẹ́lẹ̀. Ìdá mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún lé, láìjẹ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan kún átọ́ọ̀mù náà.

Irú ti Olóolù pẹ́ kó tó fara hàn, nítorí kì í dúró pẹ́. Ó máa ń fẹ́ já bọ́ sí irú kejì, tàbí kí àlejò àti onílé kan so pọ̀ di mólékù. Ẹgbẹ́ Rudolf Grimm ní Innsbruck, orílẹ̀-èdè Austria, ló mú un ní 2012, nígbà tí wọ́n ju potassium-40 sínú lithium-6. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn ará Innsbruck yìí tún wo bí èrò ṣe ń pé jọ sí àlejò lára láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó ń parí láàárín ìdá mélòó kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan. Inú irin, ìyẹn á ti yára débi pé ó ṣòro gan-an fún ojú ẹ̀rọ láti tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀.

Ti àwọn boson ńkọ́? Ọdún 2016 ni tiwọn tó tó wáyé, ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà: Aarhus ní Denmark, àti JILA, níbi tí Deborah Jin wà lára àwọn tó ṣe é. Ọdún yẹn náà ló jáde láyé, ẹni ọdún 47. Ìdí tí wọ́n fi pẹ́ ni ìyàtọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ má gbàgbé yẹn. Fermion kì í fẹ́ pọ̀ sójú kan, ìyẹn sì ń dáàbò bò wọ́n. Boson á pé jọ láìbìkítà, bí ẹ bá sì ti yí agbára mágínẹ́ẹ̀tì débi tí wọ́n ti ń fa ara wọn gan-an, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn run. Ẹ dúró díẹ̀, a máa tó débẹ̀.

Kí n má fo ohun méjì kan. Àkọ́kọ́: bí àlejò kò bá lè rìn rárá, tó wúwo débi pé ó dúró sójú kan, Philip Anderson ti fi hàn ní 1967 pé gbogbo òkun fermion tó yí i ká á tún ara rẹ̀ tò débi pé kò ní jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́ rárá. Polaron á túká. Àlejò tó ń rìn kì í fa irú àjálù yẹn. Bí ọ̀kan ṣe ń di èkejì bí àlejò ṣe ń wúwo sí i jẹ́ ohun tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí. Èkejì: nínú gáàsì boson, bí àlejò bá rọra rìn, tí ìrìn rẹ̀ kò tó ìyára tí ìró fi ń gba inú gáàsì náà kọjá, kò ní kọlu nǹkan kan. Á kàn máa yọ̀ lọ. Wọ́n rí i pẹ̀lú sodium ní MIT ní 2000, ó sì bá ohun tí Landau ti sọ láti 1941 mu.

Nígbà tí àlejò bá gbé iná

Olùkọ́ kẹ́mísírì yín nílé ẹ̀kọ́ girama á ti sọ fún yín pé bí nǹkan bá ṣe gbóná tó ló ṣe máa yára bá òmíràn ṣiṣẹ́ tó. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá wá fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n á ní pé ní òtútù báyìí, kò yẹ kí nǹkan kan bá nǹkan kan ṣiṣẹ́ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2010, Jin àti Jun Ye rí i pé mólékù potassium àti rubidium ń pàdé, wọ́n ń tú ká, wọ́n ń tún ara wọn so, nínú òtútù tí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù dígírì. Ní 2019, Kang-Kuen Ni ní Harvard mú wọn níbi tí mólékù méjèèjì ti di mọ́ra, átọ́ọ̀mù mẹ́rin papọ̀, kí wọ́n tó pínyà sí ọ̀nà tuntun. Ìdí rẹ̀ ni pé átọ́ọ̀mù tó tutù tó báyìí kì í ṣe ẹyọ hóró mọ́. Ìgbì ni, ó fẹ̀, ó sì lè kan ẹnìkejì láti ibi tí hóró kò lè dé.

Ohun tó ń pa gáàsì boson run wá rèé. Átọ́ọ̀mù mẹ́ta á pàdé lẹ́ẹ̀kan. Méjì á so pọ̀ di mólékù, ìsopọ̀ yẹn á tú agbára sílẹ̀, ẹnìkẹta á gbé díẹ̀ nínú agbára náà, gbogbo wọn á fò jáde kúrò níbi tí wọ́n há wọn mọ́. Bí àlejò bá sì wà níbẹ̀ tó ń kó èrò jọ, ńṣe ló ń mú kí irú ìpàdé ẹlẹ́ni mẹ́ta bẹ́ẹ̀ rọrùn sí i.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ion. Ion jẹ́ átọ́ọ̀mù tí wọ́n ti yọ electron kan kúrò lára rẹ̀, tó wá gbé iná. Apá rẹ̀ gùn: átọ́ọ̀mù tí kò gbé iná kì í mọ̀ pé ẹlòmíràn wà títí tí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra, ṣùgbọ́n ion á ti máa fa àwọn onílé láti ibi tó jìnnà tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún bẹ́ẹ̀. Ní 2010, ẹgbẹ́ Michael Köhl ní Cambridge gbé ẹyọ ion ytterbium kan ṣoṣo sínú rubidium tó ti di ìgbì kan. Lọ́dún kan náà, ẹgbẹ́ Johannes Hecker Denschlag ní Ulm, Jámánì, ṣe tiwọn pẹ̀lú ion barium.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìkọlù lásán ló ń wáyé, ìyẹn sì ń mú ion náà tutù. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àlejò á já electron gbà lọ́wọ́ onílé kan. Ní kíá, ìwà á yí padà: àlejò kò gbé iná mọ́, okùn tí wọ́n fi so ó ti já, á sì bá tirẹ̀ lọ, onílé tí wọ́n jà lólè ló wá di ion. Àwọn ará Cambridge fi hàn ní 2012 pé ipò tí wọ́n bá fi ion náà sí nínú ara rẹ̀ kó tó pàdé àwọn onílé ló ń pinnu bí irú olè yìí ṣe máa yá tó. Ẹyọ kan ṣoṣo ni o. Kẹ́mísírì tí gbogbo wa mọ̀, bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù mólékù ló ń pàdé nínú ìgò. Èyí jẹ́ ti ẹni kan tí à ń wò lójúkojú, tí a sì lè pàṣẹ fún.

Ohun tí àwọn ará Ulm rí lọ́dún yẹn tún ya èèyàn lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ion wọn á dúró sáàárín gáàsì, rubidium méjì á sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, méjì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á so pọ̀, agbára tó tú sílẹ̀ á sì ta ion náà jù síta, á lọ máa yí po níbi tó jìnnà sí àwọn onílé. Láàárín ìgbà yẹn, gáàsì náà á wà jẹ́jẹ́, kò ní dín kù mọ́. Bí ion náà ṣe ń gba etí gáàsì kọjá, á máa kọlu ọ̀kan, á kọlu òmíràn, á tutù díẹ̀díẹ̀, á tún padà sáàárín. Ìjà á tún bẹ̀rẹ̀. Wọn ò fojú rí ion náà. Iye onílé tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń kà tí wọ́n fi mọ ibi tó wà.

Ìṣòro kan bá iṣẹ́ ion fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iná tó ń yí síwá-sẹ́yìn ní kíákíá ni wọ́n fi ń dì í mú, iná yẹn a sì máa mì ín jìgìjìgì débi pé kò lè tutù tó àwọn tó yí i ká. Ọ̀nà àbáyọ ni kí àwọn onílé fúyẹ́ gan-an, kí àlejò wúwo. Ní 2020, ní Amsterdam, wọ́n fi lithium mú ion ytterbium tutù dé ibi tí òfin quantum ti ń hàn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Freiburg, wọ́n rí i pé ọgbọ́n Feshbach yẹn ń ṣiṣẹ́ láàárín ion barium àti lithium náà. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti lè máa yí ọwọ́ tí ion àti onílé fi ń mú ara wọn.

Àlejò kan tún wà tó ń gbé àwọn onílé mì. Bí ẹ bá fi lésà gbé electron tó wà lóde jù lára átọ́ọ̀mù jìnnà gan-an, átọ́ọ̀mù náà á wú débi pé àwọn onílé á máa gbé láàárín òun àti electron rẹ̀. Wọ́n ṣe é nínú rubidium ní Stuttgart, Jámánì, ní 2013. Ní 2018, ní Yunifásítì Rice, Texas, wọ́n ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ átọ́ọ̀mù strontium nínú ikùn ẹyọ átọ́ọ̀mù kan. Mi ò ní fa ìyẹn gùn.

Kí la fẹ́ fi ṣe?

Ìbéèrè bàbá onífíríìjì nìyẹn náà, mo sì rò pé ó tọ́ sí ìdáhùn gidi ju pé “ó máa wúlò lọ́jọ́ kan” lọ.

Lílò kan ti wà nílẹ̀. Gáàsì tó tutù báyìí kò ṣeé fi ìwọ̀n ooru kan. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi kàn án á gbóná jù ú lọ, á sì bà á jẹ́. Ní Kaiserslautern, Jámánì, wọ́n ń ju ẹyọ átọ́ọ̀mù caesium sínú rubidium, wọ́n á wo bó ṣe ń fara da àwọn onílé, wọ́n á sì fi mọ bí gáàsì ṣe tutù tó. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Níbí yìí, ojú àlejò gan-an ni wọ́n fi ń ríran.

Èkejì ni àwọn ohun líle tí a ò tíì lóye: àwọn irin tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdíwọ́, mágínẹ́ẹ̀tì tí ìwà wọn kò bá ìwé mu. Nínú gáàsì tútù, a lè kọ́ àpẹẹrẹ wọn, kí a yọ ohun kan, kí a fi òmíràn sí i, kí a wo èyí tó ń fa wàhálà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èyí máa di ọjà láàárín ọdún méjì, ẹ má dá a lóhùn.

Ti ìlú wa ńkọ́? Ká sòótọ́: ihò irin yẹn gbọ́dọ̀ wà láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, lésà kò sì gbọ́dọ̀ mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe sí wa ní Agbowó, ẹ bá mi dá sí i. Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ yìí kò nílò ihò irin. Ní 2006, Frédéric Chevy ní Paris jókòó pẹ̀lú ìṣirò, ó ní ká rò ó pé àlejò inú gáàsì fermion kò lè yọ ju onílé kan ṣoṣo kúrò níbi tó wà lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò tó rọrùn bẹ́ẹ̀ fún un ní -0.607 fún agbára àlejò náà, bí a bá fi agbára onílé tó wà lókè pátápátá ṣe òdiwọ̀n. Ohun tí MIT wọ̀n lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni -0.64, pẹ̀lú 0.07 síwá tàbí sẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó wà ní ọdún ìkẹyìn ní Yunifásítì Ìbàdàn lè tún ìṣirò yẹn ṣe lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, àwọn ìwé tó máa fi kọ́ ọ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí arXiv, ibi ìpamọ́ ìwé ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìsan kọ́bọ̀. Ó wù mí kí àwọn olùkọ́ gbé e síwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí dípò kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà quantum já wọn láyà.

Ibi tí iṣẹ́ náà wà báyìí ni ọ̀rọ̀ àlejò méjì. Bí ọ̀kan bá ń da àwọn onílé rú, èkejì á rí ìdàrúdàpọ̀ náà, àwọn méjèèjì á sì mọ ara wọn láìjẹ pé wọ́n fojú kanra. Irú àbẹ̀wò tó gba ọwọ́ onílé kọjá yìí ló ń so electron méjì pọ̀ nínú àwọn irin tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdíwọ́. Ní Chicago, Cheng Chin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2019 pé átọ́ọ̀mù caesium ń fa ara wọn gba inú òkun lithium. Innsbruck wá fi ohun kan kún un nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde nínú Nature Physics ní 2024. Wọ́n lo potassium-41, lẹ́yìn náà potassium-40, nínú lithium kan náà. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ju ẹyọ neutron kan (hóró kan nínú ọkàn átọ́ọ̀mù) lọ, ṣùgbọ́n èkíní jẹ́ boson, èkejì jẹ́ fermion. Nígbà tí àwọn àlejò náà jẹ́ boson, wọ́n ń fa ara wọn. Nígbà tí wọ́n jẹ́ fermion, wọ́n ń ti ara wọn.